Ọjọ́ tí Mo Dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀tá ní Mápó

Títí n ó fi wọ káà ilẹ̀, ọjọ́ tí a ṣeré ogun ní Mápó ò ní kúrò lọ́kàn mi. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń kọ́ ní Bẹẹrẹ nígbà náà, irùngbọ̀n mi ò tíì kún. Àwa ọ̀dọ́ àdúgbò fẹ́ fi han ará ìlú bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń jagun. Múkáílà alágbẹ̀dẹ tó kó wa jọ fi mí ṣe olórí ogun Ìbàdàn, torí mo ga, ohùn mi sì ń dún. Kíá ni mo gbà. Ràfátù tí mo fẹ́ fẹ́ ń bọ̀ wá wòran.

Bàbá rẹ̀, Alájì Làsísì, ò fẹ́ rí mi sójú. Wọ́n ní mo kọjá níwájú àwọn ní Bẹyẹrúnkà, n ò kí wọn. Mo sì ti búra fún Ràfátù pé ibikíbi tí mo bá ti tún rí bàbá rẹ̀, àyà mi ni yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀.

Lọ́jọ́ eré, èrò pọ̀ bí eéṣú. Ẹ̀wù tí mo yá lọ́wọ́ ọdẹ kan tóbi jù mí lọ, bí mo ṣe ń sáré ni àdó ara rẹ̀ ń gbá mi lẹ́nu. Idà tí mo fọwọ́ ara mi fi pákó gbẹ́ kán sí méjì kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo káfíńtà! Mo na ààbọ̀ idà sókè, mo ké, "Ẹ tẹ̀ lé mi!" Àwọn ọmọ ogun ya tẹ̀ lé mi.

Gàníyù la fi ṣe olórí ọ̀tá nígbà tí a ń kọ́ eré náà, èmi ni n ó gbé e ṣánlẹ̀. Ibà dá Gàníyù dúbúlẹ̀ láàárọ̀, Múkáílà sì wá ẹlòmíì láìsọ fún mi. Mo dé iwájú olórí ọ̀tá, ó ká fìlà kúrò lójú. Alájì Làsísì ni!

Ara mi ò dúró gbàṣẹ. Mo nà gbalaja. "Ẹ káàsán, sà!" Àwọn tó wà lẹ́yìn mi rò pé ọgbọ́n ogun tuntun ni, gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀.

"Yéè! Ìbàdàn ti túúbá!" Ìyá kan ló ké bẹ́ẹ̀ láàárín èrò.

Múkáílà sáré dé. "Olóríburúkú, dìde, pa á!"

"Ẹ̀gbọ́n, n ò lè pa wọ́n!"

Alájì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ sí mi létí. "Ọjọ́ tó yẹ kí o kí mi, o ò kí mi. Ṣé òní tó yẹ kí o pa mí lo wá ń kí mi?" Nígbà tí wọ́n rí i pé n ò dìde, wọ́n da ara wọn sílẹ̀ gbì. "Mo kú o! Ìbàdàn ló ṣẹ́gun!"

Mo gbá wọn lẹ́sẹ̀ mú. "Ẹ má kú, sà! Ẹ jọ̀ọ́!"

Ẹ̀rín pa Mápó. Òkú gan-an ń rẹ́rìn-ín.

Ọdún kejì ni wọ́n fún mi ní Ràfátù. Alájì ní ojú ti tì mí tó. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn tó fa idà yọ, kó kọ́kọ́ bèèrè ta ni ọ̀tá.

Níbi ìkómọ gbogbo ni Ràfátù ti ń sọ pé mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo sì máa ń bá a jiyàn. Ọdún tó kọjá ni mo sin ín. Kò sẹ́ni tí mo fẹ́ bá jiyàn mọ́, ẹ jẹ́ kí n gbà fún un: mo sunkún. Ikun imú ń ṣàn, àdó wà lẹ́nu. Háà, èmi olórí ogun!