Owó Sùn, Òbúkọ Ò Sùn

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Gbogbo Agbéléyẹ, tọmọdé tàgbà, onílé àti àlejò, ẹ gbọ́ o!

Òfin tuntun dé láti ààfin! Àná ló yẹ kó dé. Àná náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti rú u láti àná, kó pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má bínú sí akéde. Àwọn ìjòyè ló ní ohunkóhun tó bá níyì gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú ní ààfin kó tó jáde. Òfin náà sùn. Ó tilẹ̀ hanrun.

Ẹ kò ní rí Baba Fẹ́hìntọlá tó máa ń lu agogo yìí. Ọ̀fìnkìn ti gba ohùn wọn. Ìbídùn ọmọ wọn, tó ń dirun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ló gbé agogo lónìí. Ẹ má wo ojú rẹ̀ jù. Gbogbo yín lẹ mọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀; ẹ ó gbọ́ ọ nínú òfin kẹrin. Àìmọye irun ìyàwó ló ti dì fún ọmọ ẹlòmíràn, kò tíì kan tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ké e tán. Akéde kì í sunkún lẹ́nu iṣẹ́.

Baálẹ̀ wí pé: owó ti sọ orúkọ rẹ̀ nù! Owó ti sọ orúkọ rẹ̀ nù! A ń pè é ní ẹgbẹ̀rún, ó ń dáhùn bí ẹyọ kan. Nítorí náà:

ÒFIN KÌÍNÍ! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé ogún náírà pọ̀ mọ́. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, kó mú ogún náírà náà lọ sọ́jà, kó má sì padà wálé títí yóò fi rí nǹkan fi í rà. Ó ṣeni láàánú pé Ọ̀tún Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ rú òfin yìí. Wọ́n na ogún náírà sí ọlọ́kadà tó gbé wọn wálé, wọ́n ní, "Gbà, fi ra epo, kó o sì mú ṣẹ́ńjì mi wá." Láti àná ni Ọ̀tún ti wà lọ́jà. Ìyàwó wọn ti gbé ẹní lọ bá wọn níbẹ̀.

ÒFIN KEJÌ! Àgbàlagbà kankan kò gbọdọ̀ sọ iye tí wọ́n ń ta nǹkan láyé àtijọ́ lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé. Ó ń dá àwọn ènìyàn lóyì. Ẹni tó bá sọ ọ́, iye yẹn gan-an ni yóò ta ewúrẹ́ tirẹ̀. Baba Láoyè, ẹ pa ẹnu yín dé jọ̀ọ́! Àwọn oníbàárà ti ń tò sẹ́yìn yín.

ÒFIN KẸTA! Ọmọ tí a bá fún ní àádọ́ta náírà kò gbọdọ̀ yí i síwá sẹ́yìn kó sì bèèrè pé, "Màmá, kí lèyí?" Kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló lè bèèrè. Ọmọ tó bá kọ̀, yóò lọ jókòó ti Ọ̀tún lọ́jà.

ÒFIN KẸRIN! Ẹ súnmọ́ o! Náírà méjì lowó orí ìyàwó ní Agbéléyẹ láyé àwọn baba wa. Náírà méjì ra òbúkọ nígbà náà. Òfin kejì kò mú akéde, Baálẹ̀ ló rán an. Láti àná lọ, iye òbúkọ ni owó orí, bí ọjà bá ṣe pè é. Àṣà wa kò sì yẹ̀: owó orí gbọ́dọ̀ sùn nílé baba ìyàwó kí a tó gbà á. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí owó náà kò tó òbúkọ rà mọ́, kí ọkọ kó owó rẹ̀, kó máa lọ.

Ẹ mọ ẹni tí wọ́n ti fi dán an wò láti ọdún tó kọjá. Akínlàjà àfẹ́sọ́nà Ìbídùn ni, tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe. Ó mú owó wá. Owó sùn. Òbúkọ ò sùn! Ilẹ̀ mọ́, owó ti kéré. Ó ta alùpùpù rẹ̀, ó tún mú owó wá. Owó sùn. Òbúkọ ò sùn! Nígbà tó yá, ó fa òbúkọ fúnra rẹ̀ wá. Balógun ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé alápatà lo pè wá ni? Owó la ní kó o mú wá!" Akínlàjà fa òbúkọ padà. Kó tó délé, òbúkọ náà ti gbówó lórí sí i lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìjìyà òfin kẹrin! Ẹ di ara yín mú! Aboyún, ẹ jókòó! Ọmọbìnrin tó bá lọ sílé ọkọ láìdúró de owó orí, yóò san ìtanràn. Odindi ọ̀sán ni àwọn ìjòyè fi jiyàn lórí iye rẹ̀. Wọ́n fẹ́ iye tí àyà gbogbo ọmọge yóò já sí. Balógun ló dá a. Nígbà tó jáde lẹ́nu wọn, Baálẹ̀ ṣí fìlà. Ìyálóde ní, "Háà, Balógun, ẹ ṣàánú ọmọ ọlọ́mọ!"

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà! Akéde tún un wí: ẹgbẹ̀rún méjì náírà!

Ta ló ń rẹ́rìn-ín? Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ìyá Sùbúọlá, kí lẹ wí? Ẹ ní kò ra búrẹ́dì gidi? Akéde bi àwọn ìjòyè léèrè bóyá ó dá wọn lójú. Ó tún bi wọ́n. Balógun ní, "Lọ ké e bẹ́ẹ̀! Owó ńlá ni!" Baálẹ̀ ti lu òǹtẹ̀ sí i. Ó ti sùn ní ààfin, kò sì ṣeé yí padà mọ́ títí ọdún yóò fi yípo.

Bí wọ́n ṣe rán agogo ni agogo ṣe jẹ́ ẹ. Ẹni tó gbọ́, kó rò fún ará oko. Ẹni tó ní òun kò gbọ́, kó bá etí ara rẹ̀ wí. Ire o, Agbéléyẹ!

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ààfin kò rán ẹnikẹ́ni.

Akínlàjà, má fara pa mọ́ sẹ́yìn igi mángòrò, mo ti rí ọ. Kó owó tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn padà, fi ra alùpùpù mìíràn. Bàbá mi kò lóhùn, ṣùgbọ́n mo bi wọ́n láàárọ̀, wọ́n sì mi orí pé kí n máa lọ. Mò ń lọ san ìtanràn mi ní ààfin báyìí. Ìwọ ni mo yàn. Ilé rẹ ni mò ń bọ̀ lónìí.