Pọ̀nmọ́ Oko Ọba Wọ Bàálù Lọ sí Kàdúná

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí wọ́n á fi sin mí: ọjọ́ tí mo wọ agbádá mẹ́ta lé ara wọn, tí mo di pọ̀nmọ́ mọ́ ikùn, kí n lè rí bàálù wọ̀ lọ sọ ọmọ mi lórúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín, ó kàn pẹ́ kó tó dé ni.

Ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Kàdúná ni ìyàwó mi ti bí àkọ́bí wa, obìnrin. Bàbá rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, wọn ò sì gba tèmi. Wọn ò bú mi rí o. Wọ́n kàn máa ń wò mí bí ẹni ń wo ọkọ̀ ojú irin tó pẹ́ ni. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé bí ọjọ́ kẹjọ bá pé, tí oòrùn kan àtàrí tí wọn ò rí mi, Fọlọ́runṣọ́ làwọn máa sọ ọmọ náà. Ẹ̀yin náà gbọ́ Yorùbá. Orúkọ rere ni, àmọ́ bí àna ẹni bá fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sọ ọmọ ẹni, ohun tí wọ́n ń wí ni pé bàbá ọmọ ò ṣeé fi ọmọ sílẹ̀ fún. Èmi ti mú Ayọ̀mídé dání ní tèmi.

Ayé ológun là ń lò nígbà náà. SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti jẹ́ kí ara gbogbo wa fúyẹ́, epo bẹntiróòlù sì ti di ohun àwátì. Gbogbo gáréèjì tí mo dé, ọkọ̀ wà, epo ò sí. Ọlọ́run ló yọ mí. Nílé iṣẹ́ bísíkíìtì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, wọ́n ní ẹ̀rọ ẹ̀ka wa ní Kàdúná ti dákẹ́, irin eléyín kan ló ṣẹ́ nínú rẹ̀, irú ẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ wa. Máníjà fún mi ní irin náà àti tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tó máa gbéra láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ gan-an.

“Má jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ ẹ o,” ni wọ́n sọ.

Kí n tó délé ní Agége, màámi ti lọ Oko Ọba níbi tí wọ́n ti ń pa màálù, wọ́n ti ra pọ̀nmọ́ tó ga tó ìrọ̀rí.

“Màámi, ṣebí òkè ọya ni màálù ti ń wá?”

“Màálù ló ń ti ibẹ̀ wá. Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n mọ pọ̀nmọ́ ọ́n sun? Ṣé o fẹ́ káwọn àna ẹ ní ọwọ́ lásán lo mì wá ni?”

Wọ́n kó obì, orógbó, atare àti ìgò oyin kan tì í, wọ́n fi ọ̀já tuntun tí wọ́n máa fi pọn ọmọ lé e. Wọ́n ní kí n mú agbádá bàbá mi tó ti dolóògbé, kí òkú náà lè bá wa dé ibẹ̀. Wọ́n wá kìlọ̀ pé nílé tiwa, ẹrù ìkómọ kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó gbé e títí yóò fi dé iwájú ìyá ọmọ. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí wọ́n ń gba ẹrù àwọn èèyàn ní pápákọ̀ Ìkẹjà, mo gbé báàgì mi pamọ́ sẹ́yìn òpó. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ẹnu ọ̀nà tí a fẹ́ gbà bọ́ sídìí bàálù ni mo ti rí àpótí pákó kan tí kò ní ìdérí. Obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ dúró tì í. Ó ní báàgì tí kò bá wọ inú àpótí yẹn ò ní wọ bàálù. Mo ti tèmi bọ̀ ọ́, ó há. Mo jókòó lé e.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde lórí báàgì.”

“Ó ti ń wọlé.”

“Àpótí ló ń fọ́.”

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá mi gbé e sí ikùn bàálù. Ó ní wọ́n ti ti ikùn bàálù, pé níbo ni mo wà nígbà tí wọ́n ń gbẹrù? Mi ò dárúkọ òpó. Ó ní kí n yan ọ̀kan, èmi tàbí báàgì.

“Ọmọ mi ni mo fẹ́ lọ sọ lórúkọ, ẹ ṣàánú mi.” Mo dọ̀bálẹ̀.

“Àpótí ò mọ ìdọ̀bálẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ yà fún àwọn tó kù.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí tú ẹrù. Irin ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ gbé jáde torí ó wúwo, mo gbé e lé bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Mo wọ agbádá kejì tí mo mú dání lé èyí tó wà lọ́rùn mi, mo gbé ti bàbá mi lé méjèèjì. Obì àti orógbó wọ àpò, ìgò oyin wọ abíyá. Ó wá ku pọ̀nmọ́. Mo kẹ̀yìn sí àwọn èèyàn, mo tẹ́ ẹ mọ́ ikùn, mo fi ọ̀já ọmọ dì í pinpin. Nígbà tí mo tún ju báàgì sínú àpótí, ó já wọ̀ọ̀. Obìnrin yẹn wò mí látòkè délẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sanra o.”

“A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

“Báàgì ni wọ́n ní kí n wọ̀n, wọn ò ní kí n wọn èèyàn. Ẹ máa lọ.”

Mo gbá báàgì mú, mo sáré.

Nínú bàálù, bẹ́líìtì àga ò yí mi ká. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wa ní kí n fa ikùn sínú díẹ̀. Mo ní ikùn yìí ò ṣeé fà. Ooru mú, ìdérí oyin tú, oyin bẹ̀rẹ̀ sí rìn wálẹ̀ ní ìhà mi. Mo jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀gá ṣọ́jà kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fín imú. Nígbà ayé SAP, ẹni tó bá níkùn, a máa ń fura sí i.

“Kí ló wà lábẹ́ agbádá ẹ?”

“Ara mi ni, sà.”

Ó fi ìka tẹ̀ mí níkùn. Ó tún un tẹ̀.

“Pọ̀nmọ́ ni, sà. Ìkómọ ni mò ń lọ.”

“Pọ̀nmọ́. Sí Kàdúná.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó ní irọ́ tí wọ́n ti pa fún òun lẹ́nu iṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ti èyí, òun máa fojú ara òun rí ìdí ẹ̀. Bí a ṣe balẹ̀, ó gbé mi sínú jíìpù, ó ní kí n júwe ilé àna mi.

Kí jíìpù tó dúró dáadáa níwájú ilé, kò ku ẹyọ àlejò kan lórí àga. Àna mi nìkan ló dúró, torí ọmọ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti ní “Fọ…”, ẹnu wọn ṣì là.

“Bàbá, ṣé ẹ mọ ọkùnrin yìí?” ni ọ̀gá ṣọ́jà bi wọ́n.

Àna mi wò mí, wọ́n wo agbádá mẹ́ta, wọ́n wo ikùn. Mo rí i pé wọ́n ń rò ó.

“A mọ̀ ọ́n,” ni wọ́n sọ.

Mo tú ọ̀já, pọ̀nmọ́ já bọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́jà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó mú ẹyọ kan, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn àlejò ń yọjú padà díẹ̀díẹ̀. Ìyá ìyàwó mi gbé pọ̀nmọ́ náà nílẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ ṣeun o, bàbá ọmọ.” Wọ́n ṣí ìkòkò hàn mí. Pọ̀nmọ́ ló kún un dé ẹnu.

Wọ́n gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Mi ò rántí àpótí mọ́, mi ò rántí ṣọ́jà. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, “Ayọ̀mídé,” gbogbo ilé sì gbà á lẹ́nu mi.

Ibẹ̀ la wà tí ọkùnrin kan láti ẹ̀ka ilé iṣẹ́ wa, tí wọ́n ti júwe ilé àna mi fún, wọlé. “Ẹ kú ewu ọmọ o, ọ̀gá. Irin yẹn ńkọ́?”

Mo fọwọ́ kan ikùn. Mo fọwọ́ kan àpò, obì ni. Mo ṣí báàgì, mo tún un ṣí.

“Bẹ́ǹṣì,” ni mo wí.

“Bẹ́ǹṣì wo?”

“Ti Ìkẹjà.”

Ní ìkómọ tiwa, àgbà tó bá ti sọ owó sínú omi lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọmọ lórúkọ. Àna mi ò bú mi. Wọ́n kàn tọwọ́ bọ àpò, wọ́n sọ owó sínú abọ́ omi, wọ́n wojú mi.

“Fọlọ́runṣọ́.”

Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi gan-an ṣe é.

Obìnrin ẹnu ọ̀nà yẹn bá mi tọ́jú irin náà, Ọlọ́run á tọ́jú tirẹ̀, bàálù tó tẹ̀ lé tiwa ló gbé e dé. Ọmọ ti dàgbà báyìí. Ayọ̀mídé ló wà lórí ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n Fọlọ́runṣọ́ ló máa ń yá a láti dáhùn. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: bí wọ́n bá rán yín níṣẹ́, ẹrù iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mọ́ ikùn. Pọ̀nmọ́ wà ní Kàdúná. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rín ń pa mí? Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre.