Pósí Tí Ọ̀jẹ́wùmí Ń Kàwé Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ta ló lè sọ fún mi ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé òkú ò mọ iye tí wọ́n ra àgọ̀? Ẹ ti gbọ́ ọ títí ó ti sú yín. Àgọ̀ yẹn, ohun tí wọ́n fi ń di òkú ni. Aṣọ ni láyé ìjọ́sí, pósí ni lónìí. Bí ẹnì kan bá ní òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí bàbá òun, ẹ ní kó mú rìsíìtì wá. Èmi mọ ọjọ́ tó jáde, mo mọ ṣọ́ọ̀bù tó ti jáde, orí owó ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

"Ọgọ́rin," ni Tóyè wí. "Mi ò ní fi kọ́bọ̀ lé e."

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ni mo pè é fún yín, ẹ wá ń sọ ọgọ́rin. Ṣé àpótí aṣọ lẹ fẹ́ rà ni?"

"Màmá, òkú la fẹ́ sin. A ò fẹ́ kọ́lé fún un."

"Ilé náà kọ́ nìyẹn? Àbí ó tún máa kó jáde?"

Àjíkẹ́ ló ń dá a lóhùn bẹ́ẹ̀, ìyàwó Ọ̀jẹ́wùmí, kápẹ́ńtà pósí ojú ọ̀nà Ìragbìjí, ní Ìkìrun. Tóyè àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì ló wá rajà. Bàbá wọn ló kú lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀jẹ́wùmí tó kan pósí náà wà níbẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí. Inú pósí náà ló wà.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe débẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀jẹ́wùmí wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, lẹ́tà yunifásítì wà lápò rẹ̀, owó tí wọ́n máa san sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀. Bàbá kú. Àwọn ẹbí ní irú bàbá báyìí kọ́ ni wọ́n ń fi ẹní ká. Wọ́n fa owó yẹn yọ kí bẹ́ẹ̀dì tó tutù, wọ́n fi ra pósí onígíláàsì. Owó ọ̀hún ò tiẹ̀ tó. Wọ́n ní kí ọmọ lọ bá kápẹ́ńtà ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́fà, kó fi san ìyókù. Oṣù mẹ́fà yẹn ló di ọgbọ̀n ọdún.

Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì kó tó rí àyè forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ló mú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ rò pé wọ́n rán an wá tún àga ṣe ni, ó nawọ́ sí àga mẹ́ta fún un. Ọ̀jẹ́wùmí tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe kó tó jókòó sórí ọ̀kan. Wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ kọjá, wọ́n kọ ọ́ pé kò wá. Nígbà tí olùkọ́ yẹn wá kọ́ wọn pé bí owó ọjà bá ṣe ń gòkè làwọn oníbàárà ń dín kù, ó nawọ́, ó ní, "Ọ̀gá, kì í ṣe irú ọjà tiwa o." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín, ó mọ ohun tó ń tà.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fà á bọ̀ fọ́dún márùn-ún. Ó wá ku ìdánwò àṣekẹ́yìn. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́jọ náírà ló kù kó san, aago mẹ́rin ọjọ́ tí mò ń sọ yìí gan-an ni wọ́n sì ní àwọn máa ti ìsanwó pa. Ẹni tí kò bá san, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Láàárọ̀ ló ti sọ fún Àjíkẹ́ pé òun ń lọ yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ó lọ lóòótọ́. Wọ́n bi í léèrè ọjọ́ orí, wọ́n bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi owó ṣe, wọ́n wá wo ara wọn lójú. Alága ní, "Bàbá Ìbùkún, ká ní ọ̀kadà lẹ fẹ́ rà ni, à bá gbọ́." Ojú tì í débi pé ẹ̀yìnkùlé ló gbà padà, kí ìyàwó rẹ̀ má baà rí i. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì wọnú pósí lọ.

Ibẹ̀ ló ti máa ń kàwé tipẹ́. Ẹ̀rọ ata ń ké lápá ọ̀tún rẹ̀, ẹ̀rọ ìlagi ń ké lápá òsì, tó bá sì gbé ìwé jókòó síta, gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ ló máa ní kó bá òun kan ìṣó kan péré. Ṣùgbọ́n fóòmù inú pósí máa ń gbé ariwo mì. Á fi èérún pákó há ẹnu ìdérí kí atẹ́gùn lè wọlé, á tan iná fóònù, á máa ka tirẹ̀. Ta ló máa wá alààyè débẹ̀? Lọ́jọ́ yìí, àárẹ̀ àti ìtìjú pawọ́ pọ̀ gbé e sùn. Ọgọ́rin tí Tóyè ń pè ló jí i.

"Ẹ ṣí i ká wo inú rẹ̀," ni Wúràọlá wí, àbúrò tó tẹ̀ lé Tóyè.

"Àǹtí, ẹni tó bá wo inú pósí tí kò tíì sanwó, ara rẹ̀ ló ń wọ̀n," ni Àjíkẹ́ dá a lóhùn. Wúràọlá rọra sún sẹ́yìn. Ọ̀jẹ́wùmí fúnra rẹ̀ ló dá èèwọ̀ yẹn sílẹ̀, torí pé ara bẹ́ẹ̀dì hòtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan ló ti gé fóòmù inú rẹ̀.

Tóyè fi ìka kan ìdérí, kó, kó, kó. Díẹ̀ ló kù kí Ọ̀jẹ́wùmí béèrè pé ta nìyẹn.

Ẹ wò ó, Tóyè yìí, típà iyanrìn ló ń wà, ó sì gbà pé kò sẹ́ni tó mọ ìwúwo ẹrù bíi tòun. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìdí pósí sókè. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó tún gbé e lẹ́ẹ̀kejì. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Igi wo nìyí?"

Àjíkẹ́ mọ̀ pé igi afárá fífúyẹ́ lásán tí wọ́n fi fáníìṣì pa lára ni. Òun nìkan ló wọ́ ọ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù lánàá. Òun náà gbé e wò, ó rí i pé ó wúwo bí ẹní gbé òkúta, ẹnú yà á. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni, kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ sọ nǹkan kan.

"Apá ni," ló wí. "Apá inú igbó dúdú. Àbí ẹ rò pé mo kàn ń la ẹnu pe owó ni?"

"Ọgọ́rùn-ún."

"Igba."

"Ọgọ́fà."

"Ọgọ́sàn-án, torí bàbá tó lọ."

"Màmá, ẹ gba ogóje."

"Ọgọ́jọ lọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bí ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lọ wo iwájú."

Ẹ ò rí i pé obìnrin yẹn gbọ́n? Ó ti rò ó pé ẹgbẹ́ lè má yá ọkọ òun lówó. Nínú lọ́hùn-ún, Ọ̀jẹ́wùmí gbọ́ ọgọ́jọ, iye owó ìdánwò rẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà tí Tóyè tún bẹ̀rẹ̀ tó fẹ́ gbé e wò lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá yìí mí sínú, ó fẹ ara rẹ̀ kí òun lè wúwo sí i. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń tajà, kò tíì fi ara rẹ̀ kún ìwọ̀n rí. Kó ṣáà dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Wọ́n á sanwó, wọ́n á lọ wá àwọn tó máa gbé e, òun á fò jáde, á sáré dé báǹkì kí aago mẹ́rin tó lù. Aago méjì ààbọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni.

"A gbà," ni Tóyè wí.

"Ọgọ́rùn-ún péré ló wà lọ́wọ́ wa o, Bọ̀ọ̀dá." Wúràọlá fara ti pósí bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni pé etí Ọ̀jẹ́wùmí gan-an ló ń sọ ọ́ sí.

"Ọgọ́ta ọwọ́ Mọ́rẹ̀nikẹ́ ńkọ́?"

Mọ́rẹ̀nikẹ́ ni àbíkẹ́yìn wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò sọ̀rọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, owó ilé-ìwé nọ́ọ̀sì ni. Bàbá ló fún mi. Ọ̀la ni mo fẹ́ san án."

"Ta ló ní o ò ní lọ? Ṣé ọdún tó ń bọ̀ jìnnà ni? Àbí o fẹ́ káwọn àna wa máa sọ pé inú páálí la sin bàbá sí? Bàbá tọ́ sí ohun tó dáa."

Ọmọ náà ò fèsì. Ọ̀jẹ́wùmí kàn gbọ́ síìpù báàgì tó ń ṣí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kó tètè tán.

Ó mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Òun náà ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, nílé bàbá rẹ̀, tí wọ́n ń gbé bẹ́ẹ̀dì sókè. Ó ní kí òun pa ẹnu òun dé. Ó pa á dé. Ó tún fi ọwọ́ bò ó. Ó rántí pé àádọ́ta ọdún lòun máa pé lọ́dún tó ń bọ̀, ó rántí ojú alága ẹgbẹ́, ó ka ọgọ́jọ lọ́kàn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnu náà ṣí lábẹ́ ọwọ́.

"Ẹ má gba owó ọmọ yẹn," ni pósí wí. "Òkú ò ní mọ iye tẹ́ ẹ rà á."

Tóyè tó ń wa típà gun òkè kò rí ẹnu ọ̀nà mọ́. Ojú fèrèsé ló gbà, inú gọ́tà tí ẹ̀rọ ata ń da omi sí ló balẹ̀ sí. Wúràọlá dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí, èmi ni mo ta ewúrẹ́ yín. Wọn ò jí i."

"Ìwọ ni?" ni Tóyè béèrè látinú gọ́tà. "Tí mo wá fi ọlọ́pàá mú ọmọ Bàbá Tísà?"

Àjíkẹ́ ti gbé òòlù. Ó rìn súnmọ́ pósí.

"Ṣé òkú ni àbí Bàbá Ìbùkún?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹgbẹ́ yá yín lówó?"

"Wọn ò yá mi."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi sọ̀rọ̀?"

Ọ̀jẹ́wùmí ti ìdérí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dìde jókòó, jígí wà lójú rẹ̀, ìwé wà láyà rẹ̀. Nínú àwọn tó wá rajà, Mọ́rẹ̀nikẹ́ nìkan ni ẹ̀rù ò bà. Láti ọjọ́ tí bàbá ti kú, kò tíì sẹ́ni tó gbèjà rẹ̀. Bó bá jẹ́ òkú ló wá gbèjà òun, ó ní kó máa sọ ọ́ lọ.

"Láti aago mọ́kànlá ni mo ti wà nínú rẹ̀," ni Ọ̀jẹ́wùmí wí fún wọn. "Mi ò rí fáníìṣì. Mi ò rí irin dídán tó wà lára rẹ̀. Òkùnkùn ni mo rí, ẹ̀yìn sì ń ro mí. Afárá sì ni. Èmi gan-an ni apá tẹ́ ẹ gbé." Ó nawọ́ sí pósí àràbà funfun kan tó fara ti ògiri. "Tọ̀hún yẹn, àádọ́ta. Bákan náà lòkùnkùn inú wọn."

Tóyè jáde nínú gọ́tà, omi ata ń ro tó tó lára rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó dúró, ó wo pósí, ó wo Ọ̀jẹ́wùmí. Ẹ̀rù ti lọ, ọjà ti wọ orí rẹ̀ padà.

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, pósí yìí ti di tòkunbọ̀," ló wí. "Ẹnì kan ti lò ó. Ọgọ́ta la máa san lé e."

"Tòkunbọ̀ bíi ti báwo?" ni Àjíkẹ́ wí. "Ẹni tó sùn sínú rẹ̀ dìde jókòó níṣojú yín. Ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta irú pósí bẹ́ẹ̀? Igba tí mo pè é tẹ́lẹ̀, ẹ̀dínwó ni."

Mọ́rẹ̀nikẹ́ ló bá wọn dá sí i, ohùn rẹ̀ ò ju báyìí lọ.

"Bí Bàbá bá dìde, ewúrẹ́ ló máa kọ́kọ́ béèrè."

"Ẹ fún wa ní funfun," ni Wúràọlá wí láti ilẹ̀.

"Àwọn àna wa ńkọ́?" ni Tóyè béèrè.

"Ẹ ní ẹni tó wà nínú pósí ló gbà yín nímọ̀ràn," ni Ọ̀jẹ́wùmí wí. "Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti débẹ̀ rí."

Wọ́n tún ná àràbà náà o. Ẹ ò mọ Tóyè. Ó ní ogójì, Àjíkẹ́ ní àádọ́ta, ó ní omi ata ti ba ṣòkòtò òun jẹ́, ṣòkòtò náà sì lówó lórí. Ọ̀rọ̀ ṣòkòtò yẹn nìkan gbà tó wákàtí kan. Wọ́n parí rẹ̀ sí márùndínláàádọ́ta. Aago mẹ́rin ti kọjá nígbà yẹn, Ọ̀jẹ́wùmí sì ti mọ̀, torí kò wo fóònù rẹ̀ mọ́. Ẹni àádọ́ta ọdún ló máa jẹ́ kó tó ṣe ìdánwò náà, bí wọ́n bá jẹ́ kó ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń fi owó ilé-ìwé ọmọ ra ohun tí wọ́n máa rì mọ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún un láìbẹ̀rù. Òwe mìíràn, ẹ lè máa jiyàn lórí rẹ̀. Ti eléyìí, inú pósí ni ẹni tó pa á wà nígbà tó pa á, wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ló sì ti lò níbẹ̀ kó tó la ẹnu: òkú ò mọ iye tí wọ́n ra àgọ̀. Mọ́rẹ̀nikẹ́ fa síìpù báàgì rẹ̀ pa. Tóyè ka owó tí omi ata ti rin náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ Àjíkẹ́, Àjíkẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì nà án sí ọkọ rẹ̀.

"Ó ku márùndínlọ́gọ́fà kó pé ọgọ́jọ," ló wí.