Ìlà Àárín Ìwé Ìdágbére Dúpẹ́

Ọjọ́ tí mo fi bírò gbígbẹ ya ìlà sórí sítẹ́ńsù kò tíì jáde lọ́kàn mi, bẹ́ẹ̀ orí mi ti ń hu ewú. Ayé ológun ni, ìlú le koko. Èmi ni mo ń tẹ ìwé ìròyìn ìjọ wa ní Ẹdẹ. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àwọn olùkọ́ tí kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ wa dúró, Dúpẹ́ sì wà nínú wọn. Ọjọ́ Ajé ni yóò padà sí Oǹdó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bó bá ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, n kì í gbọ́ ohùn ẹlòmíì. Mi ò sọ fún un rí.

Pásítọ̀ ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀ sápá òsì, kí n tẹ ìkíni ìjọ sápá ọ̀tún. Ojo ni mí, àfi nídìí tápẹ̀ráítà, ẹ̀rọ tí mo fi ń tẹ lẹ́tà sórí sítẹ́ńsù. Mo ki ọ̀rọ̀ ọkàn mi bọ ìkíni ìjọ: pé ẹnì kan ń bẹ níbí tí kò fẹ́ kó lọ.

Ó wá ku ìlà tí yóò pín apá méjèèjì níyà. Ẹyọ kan tó fẹ́lẹ́ ti tó, ṣùgbọ́n olólùfẹ́ kì í mọ̀wọ̀n. Méjì ni mo yà, mo tún tẹ bírò mọ́ ọn kó lè dúdú dáadáa. Bébà tí wọ́n fi ìda pa ni sítẹ́ńsù, ojú ibi tí a bá ha ni íńkì ń gbà kọjá. Tèmi ò ha, ó ya ni. Òun nìkan ló sì kù. A wá òmíràn dé Òṣogbo, a ò rí i rà.

Kútẹ́ẹ̀sì ni a fi máa ń dí irú ihò bẹ́ẹ̀. Ta ló ní kútẹ́ẹ̀sì ládùúgbò? Dúpẹ́ náà ni.

"Bọ̀dá, ṣé èékánná lẹ fẹ́ kùn ni?"

"Iṣẹ́ Olúwa ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

N ò dúró kí kútẹ́ẹ̀sì gbẹ. Bí mo ṣe ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń ti inú sítẹ́ńsù tẹ íńkì sórí bébà, ojú ìlà là, íńkì sì ya bo gbogbo apá ọ̀tún. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Pásítọ̀ gbé ìwé sókè níwájú ìjọ.

"Ṣé ìkíni wa rèé, àbí ìdí ìkòkò?"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìsìn, Dúpẹ́ mú tirẹ̀ wá bá mi.

"Bọ̀dá, kí lẹ kọ síbi tó dúdú yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi."

"Ìkíni… ìkíni lásán ni."

Ó ká ìwé náà, ó fi sí báàgì.

Lọ́jọ́ Ajé, mo sìn ín dé Sẹ́kọ́nà, níbi tó ti máa wọkọ̀. Mo bá a gbé ẹrù, mo ń sọ̀rọ̀ òjò àti iṣu títí ọkọ̀ fi gbéra. Àárò rẹ̀ ṣì ń sọ mí. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu lè sọ, kéèyàn má fi rán ìwé. Bí mo bá rántí, mo máa ń fi ara mi rẹ́rìn-ín, nítorí sítẹ́ńsù ló ya lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó bi mí, kò sí ohun tó dí mi lẹ́nu.