Injiníà Ògúnsànyà Nínú Àgò Ikú-Kò-Ráyè

Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú, tí o ní kí oníkẹ̀kẹ́ gbé ọ lọ sọ́dọ̀ Injiníà Ògúnsànyà ní Itamaga, kò ní béèrè pé èwo nínú wọn. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà, ojú rẹ̀ sì wà lára géètì gbogbo àdúgbò.

N kò sọ àsọdùn. Géètì àti irin ojú fèrèsé ni ọkùnrin yìí ń ṣe tà fún àwọn ará ẹ́sítéètì tí wọ́n ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n sì fẹ́ padà bá ilé wọn bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Kò sí géètì kan tó ń kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti gé irin pẹlẹbẹ ní àwòrán orí ara rẹ̀, kó sì jó o mọ́ àárín rẹ̀ gbọnin. Adé wà lórí àwòrán náà. Etí rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ, nítorí ọwọ́ jórinjórin tó kọ́kọ́ gé e yẹ̀. Injiníà ní kí wọ́n máa gé e bẹ́ẹ̀ lọ, pé ẹni ńlá kì í pààrọ̀ ojú. Àwọn oníbàárà kan ń fi ọ̀dà pa á rẹ́. Àwọn mìíràn ń so àpò ìdọ̀tí kọ́ etí ńlá yẹn.

Kábíyèsí Onírin. Ọkọ Àgádágodo. Afirin-dẹ́rùba-olè. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ki ara rẹ̀ báyìí. Ó ní àwọn akéwì máa ń fo nǹkan.

Ilé ìwé tó ti kọ́ iṣẹ́ injiníà kò hàn sí ẹnikẹ́ni. Mo bi í léèrè nígbà kan, ó ní irin lòun kà. Mo ní níbo. Ó ní nínú iná.

Ohun kan péré ló mọ̀ dájú láyé, ìyẹn ni olè. Ó gbà pé gbogbo ohun tó ń pa ọmọ ènìyàn lára, olè ni. Ẹ̀fọn, olè ẹ̀jẹ̀. Àìsàn, olè ara. “Ikú gan-an,” ó máa ń wí, “olè ẹ̀mí ni. Ta ló sì mọ iṣẹ́ olè bí èmi?” Kò tíì sí ẹni tó dá a lóhùn ìbéèrè yẹn lójú rẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ó lọ ra katakata tí wọ́n fi ń ro oko, ní gbàǹjo. Katakata náà ti gbó. Ó ju Waliyah, ọmọbìnrin Ẹ̀pẹ́ tí Injiníà gbà síṣẹ́ pé kó máa wà á, lọ lọ́jọ́ orí. Láràárọ̀ ni Waliyah ń bọ́ bàtà, tó ń fi gbá a lórí kó tó gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Oko ẹ̀gẹ́ àti oko ìrẹsì àwọn àgbẹ̀ ẹ̀yìn Ẹ̀pẹ́ ló ń ro, owó rẹ̀ ń wọ àpò Injiníà ní Itamaga, Waliyah sì ń rí ti ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ gbọ́ níbẹ̀.

Nígbà tó di àkókò òjò, katakata ẹlòmíràn dojú dé níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lábúlé kejì. Orí kó awakọ̀ yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kán. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ pàdé lábẹ́ alága wọn, Alàgbà Mojúbàolú, wọ́n sì fi òfin lélẹ̀ pé katakata tí kò bá ní irin ààbò kò gbọdọ̀ wọ oko àwọn mọ́.

Irin ààbò kì í ṣe àwámáàrídìí. Òpó irin tó nípọn ni, wọ́n á gbé e ró lẹ́yìn àga awakọ̀, yóò ga ju orí rẹ̀ lọ, bẹ́líìtì yóò sì de awakọ̀ mọ́ àga. Bí ọkọ̀ bá ṣubú, òpó yẹn ni ọkọ̀ yóò tẹ̀, kì í ṣe àyà ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn tó ń ṣe é máa ń dán an wò kí wọ́n tó tà á. Èyí tó bá katakata àtijọ́ mu náà wà lọ́jà.

Injiníà bínú. “Èmi tí mò ń ṣe irin, kí n lọ ra irin? Ṣé ẹja ń ra omi ni?”

Ó ní òun yóò ṣe tòun. Kò sì dúró níbẹ̀. Ó ní bí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ bá ti rí iṣẹ́ ọwọ́ òun, kí wọ́n pa á láṣẹ pé gbogbo katakata tó bá fẹ́ ro ilẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ òun nìkan, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́. Ojú rẹ̀ ń dán bó ṣe ń sọ ọ́.

Ohun tó jáde láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jọ irin ààbò. Àgò ni. Àjákù géètì ló fi ṣe é, láti ilẹ̀ abẹ́ àga dé òrùlé. Ó ní ilẹ̀kùn lọ́wọ́ òsì, ilẹ̀kùn náà ní àgádágodo mẹ́ta. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà níwájú, nítorí olè ẹ̀jẹ̀. Lórí òrùlé ni àwòrán Injiníà wà, èyí tó tóbi jù lọ tí wọ́n tíì gé rí, irin gidi ni láti àgbọ̀n dé adé. Ó sọ àgò náà ní Ikú-Kò-Ráyè.

Waliyah yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. “Injiníà, ibo ni mo máa gbà jáde?”

“Jáde lọ síbo?”

“Bó bá ṣubú, sà.”

“Bó bá ṣubú, inú ni ààbò wà. Kí lo fẹ́ lọ ṣe níta níbi tí ikú wà?”

Ó tún béèrè bẹ́líìtì. Injiníà rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó wà nílé ara rẹ̀ kì í de ara rẹ̀ mọ́ àga. Waliyah ní òun ò ní wọ ibẹ̀. Injiníà ní ó dára, níwájú ẹgbẹ́ àgbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kó wọlé tàbí kó dá kọ́kọ́rọ́ katakata padà, kó sì lọ máa bá ìyá rẹ̀ yan ẹja.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wa pé sínú oko. Injiníà ti gba ayàwòrán, ó sì wọ kóòtù aláwọ̀ wúrà nínú oòrùn Ẹ̀pẹ́. Kó tó ṣí ẹnu, Waliyah lọ gbé kọ́kọ́rọ́ katakata sórí tábìlì níwájú alága.

“Bàbá, ẹ má bínú,” ó wí. “Mi ò kì í ṣe adìẹ, mi ò lè wọ àgò.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Alàgbà Mojúbàolú kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ kò bá lè jókòó sínú nǹkan yìí, báwo làwọn ṣe fẹ́ fi dandan mú àwọn awakọ̀ ìyókù? Ṣé ẹni tó ṣe é lè jókòó sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀?

Kò sí bí Injiníà ṣe lè kọ èyí, nítorí ayàwòrán ti gbé ẹ̀rọ sójú. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó wọlé, ó na ọwọ́ jáde ó ti àgádágodo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fi àwọn kọ́kọ́rọ́ wọn kọ́ ìkọ́ kan níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. “Kí ikú máa wò ó,” ó ní, “kó má sì rí i lò.” Ó wá fi dá wọn lójú pé kò sí àáké, òòlù tàbí ayùn ní gbogbo Ẹ̀pẹ́ tó lè ya irin yẹn, àti pé òrùlé rẹ̀ lè gbé erin.

Kò wa katakata rí. Ó ti rí i tí wọ́n ń wà á.

Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ bí ẹní. Táyà kan ṣoṣo ló gun ebè ẹ̀gẹ́ kan. Orí irin tó wà lórí òrùlé, tòun tadé, bá tẹ̀ sápá òsì. Katakata náà tẹ̀ lé e, ó rọra dẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òfófó, ó sì sùn sínú ẹrẹ̀ oko ìrẹsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Gbogbo ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ láìní ààbò, kò ṣubú rí. Ọjọ́ tí wọ́n wọ ààbò fún un ló ṣubú.

Waliyah ló sáré lọ pa ẹ́ńjìnnì, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún alága. A wá gbọ́ ohùn Injiníà láti inú àgò.

“Ẹ rí i pé mi ò kú?”

Àtẹ́wọ́ dún. Ká sọ òtítọ́, kò kú. Ẹrẹ̀ náà rọ̀ bí ẹ̀kọ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ gbóríyìn fún ẹrẹ̀. Injiníà ṣe ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ní ìdùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, ayàwòrán sì yà á. Àwọn àgbẹ̀ kan ti ń mirí pé nǹkan yìí mà ṣiṣẹ́, kí ẹgbẹ́ gbà á. Nígbà náà ló ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún òun.

Apá òsì ni ilẹ̀kùn wà. Apá òsì ló wà nísàlẹ̀. Wọ́n fi okùn fa àgò náà dìde. Ó dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n katakata kò bá a dìde, nítorí bóòtì kéékèèké mẹ́rin ló so wọ́n pọ̀, gbogbo wọn sì ti já. Àwọn kọ́kọ́rọ́ ti wọ ẹrẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan gbé òòlù wá.

“Ẹ má fọwọ́ kan irin yẹn.” Bí Injiníà ṣe ké e, lékèélékèé fò kúrò nínú oko.

Ohun tí òun àti jórinjórin rẹ̀ nìkan mọ̀ nìyí: irin tán kí iṣẹ́ tó parí. Òpó méjì, ilẹ̀kùn àti orí Injiníà nìkan ni wọ́n jó pọ̀. Gọ́ọ̀mù tí àwọn tó ń tún bọ́dì mọ́tò ṣe fi ń dí ihò ni wọ́n fi lẹ gbogbo ìyókù, wọ́n sì fi ọ̀dà dúdú bò ó. Bí Injiníà bá fi orúnkún ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, yóò jáde bí ẹni tó ń jáde ní pálọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jáde, ọjà ti bàjẹ́. Ó wá ní ẹ̀rọ ìgé-irin ṣọ́ọ̀bù òun ní Itamaga nìkan ló lè ṣí i, kí wọ́n gbé òun lọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gbé e tàgò-tàgò sẹ́yìn mọ́tò akẹ́rù kan tó ń lọ sí Ìkòròdú. Alága, Waliyah àti èmi wọ mọ́tò tó tẹ̀ lé e. Awakọ̀ ní òun ti ṣèlérí fún Ìbídùnní alákàn pé òun máa bá a gbé ẹrù, nítorí náà ó yà sí Ọjà Olúwo.

Ọjà Olúwo, ibi tí wọ́n ti ń ta gbogbo ohun tó ń wẹ̀ àti ohun tó ń rìn nínú igbó. Kí mọ́tò tó dúró tán, àwọn ènìyàn ti yí i ká.

“Ẹran wo nìyí?” obìnrin ẹlẹ́ja kan béèrè.

“Injiníà ni,” awakọ̀ dá a lóhùn.

“Ṣé tútù ni, àbí gbígbẹ?”

Ẹnìkejì rẹ̀ ní kí wọ́n bá òun gé e sí méjì, òun ò lágbára odindi. Injiníà bínú, ó bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Obìnrin náà wo òrùlé. “A mọ̀ yín, sà. Ẹ ti lẹ àwòrán ara yín mọ́ ọjà.”

Ìbídùnní kò ráyè ẹ̀fẹ̀. Ibi tí yóò gbé apẹ̀rẹ̀ akàn rẹ̀ sí ló ń wá, àgò sì ti gba gbogbo ẹ̀yìn mọ́tò. Ó bi awakọ̀ bóyá òrùlé yẹn lè gbà á. Awakọ̀ ní ẹni tó ni ín ló sọ pé ó lè gbé erin. Ìbídùnní bá fi okùn apẹ̀rẹ̀ kọ́ etí ńlá tó wà lórí òrùlé.

Mọ́tò ṣí, ó fò díẹ̀, apẹ̀rẹ̀ dojú dé. Akàn gba àárín irin wọlé, wọ́n gba ọrùn kóòtù wọlé, wọ́n gba ẹsẹ̀ ṣòkòtò gòkè.

Injiníà kò sọ Yorùbá, kò sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi orúnkún gbá ọ̀tún, ọ̀tún lọ. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá iwájú, iwájú tẹ̀ lé e. Ikú-Kò-Ráyè tú bí bisikíìtì tó rẹ sínú tíì. Ilẹ̀kùn pẹ̀lú àgádágodo mẹ́ta nìkan ló kù tó ṣì wà ní títì. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó ń jó láàárín ọjà, akàn kan rọ̀ mọ́ etí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa já a, etí náà ti wú. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ jọ àwòrán rẹ̀.

Alàgbà Mojúbàolú ṣa gọ́ọ̀mù kan nílẹ̀, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ó rún bíi gààrí. Ó fi han Waliyah, ó fi hàn mí, ó wá yíjú sí Injiníà.

“Inú èyí lẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa jókòó sí?”

Injiníà di etí rẹ̀ mú. “Nítorí ikú ni mo ṣe é, Bàbá. Kì í ṣe nítorí akàn.”

Gbogbo ọjà ló gbọ́ ọ, wọ́n sì tún un sọ fún àwọn tí kò gbọ́. Kí a tó kúrò níbẹ̀, alága ti yọ kọ́kọ́rọ́ katakata lápò, ó fi lé Waliyah lọ́wọ́. Ó ní Waliyah ni yóò máa wà á, ṣùgbọ́n katakata náà kò gbọdọ̀ wọ oko kankan títí Injiníà yóò fi ra irin ààbò tí wọ́n ti dán wò. Ó rà á. Ẹja ra omi.

Mo tún gba Ọjà Olúwo kọjá láìpẹ́ yìí. Ìbídùnní ti gba ìyókù àgò náà dípò àwọn akàn tó sá lọ. Ó fi okùn so ó pọ̀, orí aládé náà ń wo àwọn oníbàárà láti òkè. Mo bi í bóyá inú rẹ̀ ló ń kó ọjà rẹ̀ sí.

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ ọjà.

“Akàn kẹ̀?” ó ní. “Wọ́n á jáde.”