Ọba Fòfin De "A Dúpẹ́" ní Ìdí-Awùsá

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Ìdí-Awùsá, tọmọdé tàgbà, tonílé tàlejò! Ẹni tó ń gúnyán, kó gbé ọmọ odó sílẹ̀! Ẹni tó ń jà, kó di ọ̀tá rẹ̀ mú ná, kó fetí sílẹ̀! Kábíyèsí Onídìí-Awùsá kí yín. Wọ́n ní kí Akéde Ọdẹ́yalé dúró ní oríta kọ̀ọ̀kan, kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí èyí tó sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́, ewúrẹ́ nìkan ló gbọ́ ọ.

Òfin tuntun ti jáde! Òfin tuntun ti jáde! Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé "a dúpẹ́" mọ́ nígbà tí nǹkan bá ń dùn ún!

Ẹ má kùn. Ẹ má wo Akéde bẹ́ẹ̀ yẹn. Akéde kọ́ ló ṣòfin. Ẹ jẹ́ kó rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe di ọ̀ràn.

Ẹ rántí pé lóṣù tó kọjá, ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ìlera ṣe rí ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Wọn ò fẹ́ wá fojú ara wọn wò ó. Wọ́n ní ọ̀nà wa ò dáa. Wọ́n ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan bi àwọn èèyàn rẹ̀ léèrè, kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ bó ṣe tẹnu wọn jáde, kí wọ́n sì kó o sínú kọ̀ǹpútà. Ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà náà tí wọ́n ń pè ní Akọ́rọ̀jọ. Iṣẹ́ Akọ́rọ̀jọ ni kó máa ṣa ọ̀rọ̀ èèyàn sínú agbọ̀n. Agbọ̀n aláwọ̀ ewé wà fún ìtẹ́lọ́rùn. Agbọ̀n pupa wà fún ìráhùn. Lẹ́yìn náà, yóò ka iye tó wà nínú agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, yóò ya àwòrán róbótó kan, yóò gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni gé kéèkì, gbogbo ayé á sì mọ ohun tó wà nínú yín.

Ta ni wọ́n rán lọ kọ́ ọ? Ìyáàfin Oyèpéjú, akọ̀wé ààfin, tí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún ṣe tíṣà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Màmá Akọ̀wé tí gbogbo wa mọ̀! Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, wọn ò sì tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí àfi láti nù ún. Wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìtura kan ní ìgboro, níbi tí òtútù ẹ̀rọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí wọn. Ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ náà. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tàn án. Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń ṣe agbọ̀n. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gba sàtífíkéètì. Ọjọ́ kẹrin ni wọn ì bá kọ́ wọn bí a ṣe ń padà lọ ka ohun tí Akọ́rọ̀jọ ṣà, kí a lè mọ̀ bóyá ó ṣà á dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, àwọn onígbèéyàwó ti gba gbọ̀ngàn. Kò sí ọjọ́ kẹrin! Kò sí ọjọ́ kẹrin! Ẹ fi í sọ́kàn.

Màmá Akọ̀wé padà délé. Wọ́n bi èèyàn méjìléláàádọ́fà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: báwo lọ̀rọ̀ ìlera yín? Wọ́n tẹ gbogbo ìdáhùn sínú ẹ̀rọ, wọ́n tẹ bọ́tìnnì, Akọ́rọ̀jọ kùn díẹ̀, ó sì gbé àbọ̀ jáde. Ìpín mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wa ló wà nínú agbọ̀n aláwọ̀ ewé! Àwòrán róbótó náà tutù minimini bí oko ẹ̀fọ́. Kábíyèsí ní kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri ààfin, kí àlejò máa rí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, lẹ́tà dé. Ìjọba ìbílẹ̀ kí wa kú oríire. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ara wa ti dá ṣáṣá tó báyìí, àwọn yóò mú Nọ́ọ̀sì Ìbídàpọ̀, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà nílùú yìí, lọ sí Òkè-Ata lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n bi àwọn ará Òkè-Ata léèrè, ṣe ni wọ́n bú ẹni tó wá bi wọ́n. Wọ́n bú bàbá rẹ̀ mọ́ ọn. Agbọ̀n pupa wọn kún dẹ́nu. Wọ́n sì ti ní nọ́ọ̀sì méjì tẹ́lẹ̀!

Yéè! Kí la ṣe? Ohun tí a ṣe ò ju pé wọ́n kọ́ wa nílé. Ta ni wọ́n máa bi ní báwo ni nílùú yìí tí kò ní kọ́kọ́ dúpẹ́? Òrùlé ń jò, a dúpẹ́. Ibà ń ṣe ọmọ, a dúpẹ́. Ẹ̀yìn ọpẹ́ la ti máa ń sọ ohun tó ń ṣe wá, bí ẹni tó bi wá bá ní sùúrù láti jókòó. Akọ́rọ̀jọ ò ní sùúrù. Ó gbọ́ "a dúpẹ́", ó jù wá sínú agbọ̀n aláwọ̀ ewé, ó bá tirẹ̀ lọ. Akéde náà wà níbẹ̀ o! Òun lẹni kejìdínlógójì tí wọ́n bi. Òun náà dúpẹ́, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ni ìgbìmọ̀ bá jókòó. Màmá Akọ̀wé bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn padà lọ yẹ agbọ̀n wò. Olóyè Ọ̀tún ní rárá o. Wọ́n ní ẹ̀rọ kì í purọ́, ẹnu aráàlú ló wọ́, ẹnu náà sì ni kí a tọ́. Orí gbogbo ìgbìmọ̀ wú. Kábíyèsí fọwọ́ sí i. Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o!

Òfin kìíní! Ẹni tí nǹkan ń dùn kò gbọdọ̀ sọ pé a dúpẹ́. Ẹni tó bá sọ ọ́, yóò jókòó ti Olóyè Ọ̀tún láti àárọ̀ dọ̀sán, wọn yóò sì máa sọ fún un bó ṣe ku díẹ̀ kí àwọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láyé ọjọ́un. Gbogbo ẹ̀! Látorí ìwé ìrìnnà!

Òfin kejì! Ẹni tó bá pòwe, kó tú u kó tó pa ẹnu dé. Bàbá Kẹ́jìdé, àgbẹ̀ tó ń gbé lọ́nà odò, sọ fún Màmá Akọ̀wé pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Akọ́rọ̀jọ kọ ọ́ sí abala ìṣirò pé aláìsàn mẹ́fà ló wà nílé bàbá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tó méje. Àgbàlagbà tó bá pòwe tí kò tú u, yóò lọ tú u níwájú àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọn ò ní fi í sílẹ̀ títí yóò fi yé wọn!

Òfin kẹta! Òṣé. Akọ́rọ̀jọ kò ní agbọ̀n òṣé. Ẹni tó bá pòṣé, kó sọ ẹni tó pa á sí, kó sọ ìdí rẹ̀, kó sì sọ bó ṣe gùn tó. Òṣé ráńpẹ́ àti òṣé gígùn kì í ṣe ẹgbẹ́! Ẹni tí kò bá ṣàlàyé tirẹ̀, yóò wá tún un pa lójú ọba. Ẹ sì mọ ohun tí òfin àtijọ́ sọ nípa ẹni tó pòṣé lójú ọba.

Òfin kẹrin! Ìkíni kò gbọdọ̀ ju méjì lọ! Ìyá Arìnnàká ní Ìsàlẹ̀-Ọjà fi ojú ewé mẹ́sàn-án kí Màmá Akọ̀wé. Wọ́n kí wọn kú oòrùn. Wọ́n kí wọn kú ìdúró. Wọ́n kí wọn kú àṣẹ̀yìndè ọkọ. Wọ́n kí kọ̀ǹpútà náà kú iṣẹ́. Ẹni tó bá kọjá méjì, yóò máa kí ewúrẹ́ ààfin láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje, yóò sì dúró gba èsì.

Òfin karùn-ún! Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, a ò gbọdọ̀ fi ẹ̀rín rín in mọ́. Kí onítọ̀hún sunkún! Ẹkún ni Akọ́rọ̀jọ mọ̀. Ẹni tí omijé rẹ̀ ò bá jáde, àlùbọ́sà wà nílé ìdáná ààfin, ó pọ̀.

Òfin kẹfà! Olùkọ́ méjì ń bọ̀ láti Òkè-Ata ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, láti kọ́ wa ní ìráhùn. Kí oníkálukú gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ dání. Ẹni tí kò bá lè ráhùn fún ìdajì wákàtí láìdúpẹ́, yóò tún kíláàsì ṣe!

Ibẹ̀ ló yẹ kí òfin parí sí. Kábíyèsí ti lu òǹtẹ̀. Akéde ti mú agogo dání.

Ṣùgbọ́n lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Màmá Akọ̀wé wọ yàrá ẹ̀yìn ààfin lọ, wọ́n sì tilẹ̀kùn mọ́rí. Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n fi dù wọ́n, wọ́n fún ara wọn. Wọ́n ṣí agbọ̀n aláwọ̀ ewé, wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, awò ojú wọn ń yọ̀ wá sórí imú. Wọ́n ka ti ẹni kẹrìnlélọ́gọ́ta, Ìyá Ṣùbúọlá. Ìyá ní a dúpẹ́, Ọlọ́run ló fún ni, Òun náà ló gbà á. Wọ́n ní ilé kọ́ ni ọmọ ọmọ àwọn kú sí, orí ọ̀kadà ni, lọ́nà ìgboro, nítorí Nọ́ọ̀sì nìkan ló wà, ó sì ń gbẹ̀bí ẹlòmíràn lọ́wọ́. A dúpẹ́. Akọ́rọ̀jọ sì kùn ún láwọ̀ ewé. Ìtẹ́lọ́rùn! Ara Màmá Akọ̀wé bù máṣọ.

Wọ́n wá ń bi ara wọn pé ta ló kọ́ ẹ̀rọ yìí nírú èyí. Ẹ̀rọ ò dá nǹkan mọ̀. Àpẹẹrẹ kan leèyàn máa fi hàn án, òun á sì fi ìyẹn wọn ìyókù. Wọ́n ń wá àpẹẹrẹ náà lọ sẹ́yìn, títí wọ́n fi kan ẹni kìíní. Ẹni kìíní ni Màmá Akọ̀wé fúnra wọn. Ní ilé ìtura, lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ ní kí oníkálukú fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dánra wò. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n sin ọkọ wọn nìyẹn. Ohun tí wọ́n kọ rèé: a dúpẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, oògùn tán nílé ìwòsàn wa, Nọ́ọ̀sì lọ wá a ní ìgboro, kó tó dé, bàbá ti sùn, a dúpẹ́. Olùkọ́ ń kánjú lọ jẹun. Ó wo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó ní ìtẹ́lọ́rùn ni, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ opó ni Akọ́rọ̀jọ fi mọ ohun tó ń jẹ́ ìtẹ́lọ́rùn!

Wọ́n sunkún, ẹ̀yin ará. Akéde gbọ́ ọ láti ìta, kì í ṣe ti àlùbọ́sà. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, wọ́n lọ kúnlẹ̀ níwájú Kábíyèsí, wọ́n ka ọ̀rọ̀ méjèèjì sí wọn létí, ti Ìyá Ṣùbúọlá àti tiwọn. Olóyè Ọ̀tún ò rántí Lọ́ńdọ̀nù. Kábíyèsí ní kí wọ́n sọ àwòrán róbótó yẹn kalẹ̀ kúrò lára ògiri. Ni òfin keje bá jáde. Ẹ sún mọ́bí! Ẹ sún mọ́bí!

Òfin keje! Lọ́la, Ọjọ́bọ̀, kí oòrùn tó mú, kí gbogbo èèyàn méjìléláàádọ́fà padà wá sí ààfin. Màmá Akọ̀wé yóò tún bi yín. Etí ara wọn ni wọn yóò fi gbọ́ ọ, ọwọ́ ara wọn ni wọn yóò fi ṣà á sínú agbọ̀n. Ẹ lè sọ pé a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀! Wọn yóò jókòó dè yín títí ẹ ó fi sọ èyí tó kù. Akéde mọ̀ pé òfin keje ti ba òfin kìíní jẹ́. Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí ti kìíní, kò sì ṣeé pa rẹ́. Ẹ fọgbọ́n orí yín gbé e. Àbọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ dé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí kò bá dé, Nọ́ọ̀sì Ìbídàpọ̀ ń lọ lọ́jọ́ Ajé nìyẹn. Ìjìyà ẹni tí kò bá wá ńkọ́? Kò sí. Kábíyèsí ní àwọn ò mọ èyí tó tún lè ju ìyẹn lọ.

Ọba ló rán Akéde, Akéde ti jíṣẹ́. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tó wà lóko. Ẹni tó wà lóko, kó má sọ pé ẹyẹ ló ké. Ọdẹ́yalé ni orúkọ ẹni tó kéde, ẹni kejìdínlógójì, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ ń dùn ún. Fadérera, ìyàwó rẹ̀, lóyún oṣù mẹ́jọ. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà wú, òòyì ń kọ́ ọ láràárọ̀, ẹ̀rù sì ń ba Akéde. Kí Màmá Akọ̀wé kọ ìyẹn sílẹ̀.