Oògùn Akínwùmí Dé Orí Sítóòfù

Orí sítóòfù ni Akínwùmí ti bá iṣẹ́ ọdún mẹ́ta rẹ̀, tó ń hó yaya.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló dúró tì í pẹ̀lú ṣíbí. Láti Ọ̀tọ̀-Àwórì ni Màmá ti wá sí Ìbà, kí wọ́n lè bá wọn wẹ ọmọ tuntun. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, ohun gbogbo tó wà nínú ilé ló ti fojú kan omi gbígbóná. Wọ́n se fídà ọmọ. Wọ́n se ṣíbí. Wọ́n se òòyà.

Òòyà yọ́.

Wọ́n ní kò lágbára tẹ́lẹ̀ ni.

"Ọkọ Dúpẹ́, káàbọ̀. NẸ́PÀ mú iná lọ. Mo ní kí n bá ọ gbé ohun tó wà nínú fíríìjì kaná kó má bàa kan. Ọbẹ̀ ti hó. Ó ku ti inú ìgò ẹ yìí."

Haà!

Hóró ọ̀rá ló wà nínú ìgò yẹn, wọ́n kéré débi pé ojú ò lè rí wọn. Àwọn ló máa gbé oògùn wọnú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Kòkòrò ò gbọdọ̀ sí nínú wọn, iná ò sì gbọdọ̀ kàn wọ́n. Bí iná bá kàn wọ́n pẹ́nrẹ́n, wọ́n á yọ́, wọ́n á dì mọ́ra, ó parí. Asẹ́ tí ojú rẹ̀ há ju ọwọ́ ahun lọ ni Akínwùmí fi sẹ́ ẹ, kí kòkòrò má bàa ráyè kọjá. Fíríìjì ibi iṣẹ́ ló kú tó fi gbé e wálé.

"Màmá, mo ti sẹ́ ẹ o."

"Asẹ́ ló ń pa kòkòrò? Ṣé ògì ni?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iwájú òkú oògùn la wà.

Ta ló máa jágbe mọ́ ìyá ìyàwó? Akínwùmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná. "Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ kú ìtọ́jú."

Ọpẹ́ yẹn ló kó bá a. Inú Màmá dùn. Nígbà tó gbé ìgò kejì wálé, wọn ò tiẹ̀ dúró de NẸ́PÀ mọ́.

Ó wá ku ìgò kan ṣoṣo, ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámikẹ́, ló wà. Lọ́jọ́ kejì ni àwọn olùdánwò máa yẹ ìgò náà wò. Bí kò bá sí ìgò, kò sí oyè dókítà fún Akínwùmí.

"Èmi fúnra mi ni màá bá Màmá sọ̀rọ̀," Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe dé Ìbà. "Ọmọdé ni ìwọ."

Oòrùn ọjọ́ náà lè dín ẹyin. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò fi ìgò tó ń gbé lọ fún àyẹ̀wò sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gbé e sínú kúlà oníyìnyín, ó gbé e wọlé.

Kò tíì la ẹnu tí Màmá fi bẹ̀rẹ̀ oríkì.

"Àbẹ̀kẹ́ mi! Ọmọ olóore! Ẹ̀yin lẹ ń kọ́ ọkọ Dúpẹ́ níwèé!"

Gbì! Orúnkún Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kanlẹ̀. "Ẹ kúulé, mà."

"Ẹ dìde, ẹ jókòó, ẹ kó ẹrù fún mi. Àlejò kì í gbé ẹrù sórí itan."

Kó tó dìde, kúlà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ku òun àti Akínwùmí ní pálọ̀.

"Ẹ bá wọn sọ ọ́, mà."

"Ìwọ sọ ọ́. Ìyá ìyàwó ẹ ni."

"Ẹ ní ọmọdé ni mí."

"O ti dàgbà báyìí."

"Mà, ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa sọ ọ́!"

"Ṣé o ò gbọ́ bí wọ́n ṣe kì mí ni? Ẹnu wo ni màá fi sọ ọ́?"

Nígbà tó yá, Ọ̀jọ̀gbọ́n wúkọ́, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì ké sí ilé ìdáná:

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, oògùn inú kúlà yẹn ò fẹ́ iná o!"

"Mo mọ̀, ọmọ mi," Màmá dáhùn. "Ìdí tí mo fi rẹ iná ẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn."